Olóólà Modákẹ́kẹ́ àti alábẹ́rẹ́ Ṣáínà lójú òfin Nàìjíríà

Bí olóólà kan ní Òkè-Ẹ̀ṣọ́, ní Modákẹ́kẹ́, bá dábẹ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n bí olóólà yìí kan náà bá fi abẹ rẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ mẹ́ta péré sí orúnkún baba ọmọ náà nítorí làkúrègbé, ó ti kọjá ibi tí òfin fún un láyè dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, bóyá ni àwọn olóólà fúnra wọn sì mọ̀.

Òfin tó de àwọn dókítà ìṣègùn àti dókítà eyín, èyí tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1988, ló sọ bẹ́ẹ̀, ní abala 17. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Bí àwọn ará àdúgbò tí ènìyàn ti wá bá gbà lápapọ̀ pé ó kọ́ ìṣègùn kan tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ Nàìjíríà, kò jẹ̀bi bó bá ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni òfin wá pa ààlà fún un: kò gbọdọ̀ fi irin gé ẹran ara ènìyàn, àfi ti ìdábẹ́ nìkan, kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní àwọn oògùn líle tí òfin kà sí eléwu. Ó tán. Kò sí ìdánwò, kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Ẹnu aládùúgbò ni ìwé ẹ̀rí.

Ẹ wá wo ẹni kejì, ìyẹn ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Èyí kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún síni nídìí o. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bí irun ni, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á gún un sí ojú ibi pàtó lára, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ríro, orí fífọ́ tàbí apá tó rọ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìbílẹ̀ Nàìjíríà, nítorí náà àbò tí òfin fún oníṣègùn ìbílẹ̀ kò kàn án. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, tó wà ní Àbújá, ni irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ní ìwé ẹ̀kọ́ tó yẹ lè tọ̀ wọ́n lọ fún ìwé àṣẹ. Àlejò ti ní ilẹ̀kùn tó lè kàn, onílé kò ní. Agbẹjọ́rò lè jiyàn pé gún ni abẹ́rẹ́ ń gún, kì í gé. Ṣùgbọ́n irin tó kan ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí wọn kò sì fọ̀ dáadáa kó tó kan ti ẹlòmíràn, àrùn kan náà ló ń gbé kiri, ì báà jẹ́ abẹ olóólà, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ Ṣáínà.

Ẹnu aládùúgbò kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ adáhunṣe láyé àtijọ́, ojú gbogbo agboolé ló fi ń já ewé, ojú wọn ló fi ń gún àgúnmu, ojú wọn náà ni ọ̀gá rẹ̀ fi yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dáa, wọ́n mọ̀. Bí aláìsàn bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n mọ̀, kò sì síbi tí yóò sá gbà. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń sọ pé oníṣègùn mọṣẹ́, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, bó bá jẹ́ pé ènìyàn ń kú síbi tí wọ́n bí i sí ni.

Modákẹ́kẹ́ sì rèé, ìlú tó yẹ kó mọ ibi tí ọgbọ́n yẹn ti ń já. Àwọn tó sá fún ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Oníṣègùn tó bá wà láàárín wọn, inú orí ló ru ìmọ̀ rẹ̀ sí wá. Ta ni ní Ilé-Ifẹ̀ tó mọ ọ̀gá tó kọ́ ọ? Ti àìpẹ́ yìí náà ńkọ́? Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó wáyé láti 1997 sí 2000 tú ọ̀pọ̀ ilé ká ní ìhà méjèèjì. Adáhunṣe tó bá sá dé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo nígbà náà fi gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Àna, oníṣègùn ni. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ó ti di àjèjì tí kò ní ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i.

Òdìkejì rẹ̀ ló burú jù. Oògùn ti ń rìnrìn àjò ju oníṣègùn lọ. Èyí tí wọ́n rò ní Èkó, inú ọkọ̀ tó ń lo gbohùngbohùn ni wọ́n ti ń tà á ní ìlú mìíràn: ìgò kan fún jẹ̀díjẹ̀dí, fún ibà, fún ìtọ̀ ṣúgà, fún ọmọ tí kò tètè dé. Ẹni tó ń polówó kì í ṣe ará àdúgbò ẹnikẹ́ni. Àjọ NAFDAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ń gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìgò ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹni tó ro ohun tó wà nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìgò bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Lẹ́tà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó tó fẹ́ mu ún kò lè rí i kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brussels, ní orílẹ̀-èdè Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú nìkan. Àwọn obìnrin tó fẹ́ dín sísanra kù gba egbòogi Ṣáínà mọ́ oògùn mìíràn ní ilé ìtọ́jú kan. Egbò kan ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Òmíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi sí i. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ sì tún mú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà. Dókítà tó ní ìwé ló kọ oògùn yẹn fún wọn. Ẹni tó mọ ewé ni kò sí níbẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, àsùnwọ̀n ìbílẹ̀ wà, àsùnwọ̀n òyìnbó wà, igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti àsùnwọ̀n kò le, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n ń lò fún inú tó gbẹ. Àwọn ewé tó ń jẹ́ orúkọ kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ òmíràn ní Ìjẹ̀bú ló yẹ kó máa ba ènìyàn lẹ́rù.

Àwọn orílẹ̀-èdè kò gba ọ̀nà kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Nevada ló kọ́kọ́ ṣòfin fún ìṣègùn Ṣáínà, ní 1973. Ní Australia, láti oṣù keje 2012, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn Ṣáínà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn rò pé wọ́n ní òfin fún ohun gbogbo kò ní èyí: ìjọba wọn ṣèlérí ní 2011 pé àwọn yóò fi òfin de àwọn elégbòogi, ní 2015 wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́. Alábẹ́rẹ́ ibẹ̀ kàn ń forúkọ ara rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lè wo ìmọ́tótó rẹ̀.

Ghana ló sún mọ́ tòsí. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣe òfin tó dá ìgbìmọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀, ní 2001 sì ni yunifásítì Kumasi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn fún oyè nínú ìmọ̀ egbòogi. Ó pẹ́ kí ìgbìmọ̀ náà tó fìdí jókòó, ṣùgbọ́n ó jókòó. Gúúsù Áfíríkà ṣe tiwọn ní 2004. Ilé ẹjọ́ dà á nù ní 2006 nítorí pé àwọn aṣòfin kò jẹ́ kí ará ìlú rí àyè sọ tẹnu wọn, àfìgbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2007.

Ṣáínà gan-an lẹ̀kọ́ wà fún Modákẹ́kẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fẹ́ kí gbogbo oníṣègùn jókòó sí yàrá ìdánwò kó kọ̀wé bí ọmọ yunifásítì, ó sì ṣòro fún àwọn àgbà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá wọn. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2017 wá ṣí ilẹ̀kùn mìíràn: ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tàbí tó ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí oníṣègùn méjì, ó kéré tán, bá dúró fún un, ìpínlẹ̀ rẹ̀ lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dán an wò, kí wọ́n sì fún un níwèé. Ẹnu aládùúgbò tí òfin Nàìjíríà ń sọ rèé, àmọ́ àwọn tí ń jẹ́rìí mọ iṣẹ́ náà, ẹ̀rí wọn sì wà ní àkọsílẹ̀ tó lè bá oníṣègùn dé ìlú mìíràn.

Ní Nàìjíríà, ìwé ètò ìjọba lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ jáde ní 2007. Àbá òfin láti dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ ti wọ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ń wọlé, ó ń jáde. Kò yẹ kí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun máa wo Àbújá lójú, nítorí ìpínlẹ̀ Èkó ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ oníṣègùn sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn tó lè ṣèdánwò kò sì jìnnà sí Modákẹ́kẹ́. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ gbòǹgbò igi orín àta wò nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Apòògùn kan láti ibẹ̀, nọ́ọ̀sì kan, ọ̀gá méjì nínú iṣẹ́ náà, wọ́n tó ìgbìmọ̀.

Àwọn àgbà oníṣègùn kan máa ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gba àṣírí ewé lọ́wọ́ àwọn ni. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé nípa rẹ̀ láìsí orúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kò nílò àṣírí ẹnikẹ́ni. Ohun tí yóò béèrè ni pé: ewé wo ni aboyún kò gbọdọ̀ mu? Nígbà wo ni ẹni tó ń to eegun gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn? Abẹ mélòó ni olóólà ní nínú àpò fún ènìyàn mẹ́wàá? Bó bá dáhùn dáadáa, kí òfin yọ̀ǹda gbẹ́rẹ́ fún un, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń sín in.

Àwọn dókítà náà ní tiwọn ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ayédèrú di gidi. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fúnni níwèé. Iye owó ni kí wọ́n kọ́kọ́ mójú tó: kó má ju èyí tí àgbẹ̀bí abúlé lè san lọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀nà tí ìjọba fi ń pawó, àwọn tó mọṣẹ́ yóò padà sí oko wọn, ẹni tó ní ọkọ̀ àti gbohùngbohùn ni yóò gbàwé.