Ààyè wà fún dókítà àkànṣe, owó oṣù ni kò sí

Lọ́dún tó kọjá, a gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi láti Òmù-Èkìtì lọ sí ilé ìwòsàn kan nítorí ojú. Ọ̀dọ́ dókítà tó dá wa lóhùn fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹni tó máa yẹ ojú yín wò ò sí títí di Tọ́sìdeè. Òun nìkan ló kù."

Mo bi í pé ṣé kò sẹ́ni tó ń kọ́ iṣẹ́ ojú lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kọ́ èèyàn níbẹ̀, ààyè wà, ṣùgbọ́n wọn ò gba ẹnikẹ́ni torí pé kò sí owó oṣù tí wọ́n máa san fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Ẹni tó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì kò tíì di dókítà ojú tàbí ti kídìnrín. Ó gbọ́dọ̀ fi bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn ńlá, kó sì yege nínú ìdánwò National Postgraduate Medical College tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, tàbí ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó tó gba oyè fellow. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń sọ pé ilé ìwòsàn kan tó gbangba sùn lọ́yẹ́ láti kọ́ èèyàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò sì ń san owó oṣù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, bíi èyí tó wà ní Ìdó-Èkìtì, kò lè kàn dédé gba òṣìṣẹ́, àfi kí Àbújá fún un ní ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní waiver.

Òfin wà o. Medical Residency Training Act ti ọdún 2017 ní kí owó wà nílẹ̀ fún ìdánwò àti ẹ̀kọ́ àwọn dókítà yìí. Síbẹ̀, owó náà wà lára ohun tí ẹgbẹ́ NARD torí ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Nígbà tí wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, owó kan náà tún wà níbẹ̀. Tàwọn tó wà nílé ìwòsàn ìpínlẹ̀ tún le jù, torí ó dìgbà tí ìpínlẹ̀ wọn bá sọ òfin yẹn di tirẹ̀.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ó wà, ó sì ti pẹ́. Àwọn dókítà ń pè é ní supernumerary: ilé ìwòsàn ń kọ́ ọ, ẹlòmíì ń san owó oṣù rẹ. Ó lè jẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó lè jẹ́ ológun tàbí ilé ìwòsàn aládàáni. Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan rárá, dókítà á máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ni mi ò fara mọ́. Ọmọ olówó nìkan ló lè fara da àìsùn alẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ Òmù tó jẹ gbèsè kó tó di dókítà, Lọ́ńdọ̀nù ló máa gbà lọ, ta ló sì máa bá a wí?

Èmi ń wo ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Lọ́dún 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ibibio dáwó jọ, wọ́n rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Ọ̀kan nínú wọn, Udo Udoma, di adájọ́ àgbà ilẹ̀ Uganda lọ́dún 1963. Àwa náà ń dáwó fún gbọ̀ngàn ìlú àti ààfin. Bí Òmù, Ìlúpéjú àti Ìtapá bá pa owó pọ̀, tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun dá sí i, ṣé a ò lè san owó oṣù dókítà kan ṣoṣo ní Ìdó?

Ibi ìwé àdéhùn ni mo ti ń bẹ̀rù, torí òfin ni mo kà. Kí owó ọdún méjì àkọ́kọ́ ti wà ní báǹkì kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó máa fi sìn wá kò gbọ́dọ̀ ju ọdún tí a fi sanwó lọ. Bí a bá dáwọ́ owó dúró, kó máa lọ ní òmìnira. Kí iye tó máa dá padà bó bá fẹ́ lọ ti wà nínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ èyí tí alága ẹgbẹ́ máa fi ìbínú gé fún un. Ẹ ò gbàgbé àbá òfin Ganiyu Johnson lọ́dún 2023, tó ní kí dókítà sìn ní Nàìjíríà fún ọdún márùn-ún kó tó gba ìwé àṣẹ kíkún. Ìyẹn fẹ́ di èèyàn mú láìná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹni tó fínnúfíndọ̀ gba owó wa, tó sì fọwọ́ sí ìwé, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Ìlú nìkan ò lè dá a gbé, mo mọ̀. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn máa ná bílíọ̀nù 110 náírà owó TETFund sórí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn 18. Ó dáa, akẹ́kọ̀ọ́ á pọ̀ sí i. Níbo ni wọ́n máa ti kọ́ṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n bá jáde? Yunifásítì, pólì àti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ni òfin TETFund dárúkọ. Àwọn aṣòfin lè fi owó oṣù àwọn dókítà yìí kún un. Amẹ́ríkà náà fi òfin dé iye ààyè tí Medicare ń sanwó fún lọ́dún 1997, ṣùgbọ́n lọ́dún 2010 wọ́n ya owó mìíràn sọ́tọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò láti máa kọ́ dókítà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi padà lọ ní Tọ́sìdeè yẹn. Ojú ọ̀tún ṣì ń ríran díẹ̀. Ti òsì ti lọ.