Ẹnu Nìkan Kì í Pa Aṣọ Láró

A júbà Olódùmarè. A júbà ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ṣíwájú. A júbà Ìyá Màpó tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí wa; ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká wa lára tipẹ́, a kò sì lè gbé e mì mọ́.

Nínú àwọn ilé òrìṣà wa ní ìlú ọba yìí, ìyàwó òrìṣà a máa kọ́ ìjúbà, a máa kọ́ orin, a máa kọ́ èèwọ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè bí wọ́n ṣe mọ ìkòkò tí ó wà ní ojúbọ, tàbí ohun tí wọ́n fi rẹ aṣọ tí ó ró, kò ní lè dáhùn. A ń ra ìlẹ̀kẹ̀ oníke lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì ń pè é ní àṣà àwọn baba wa. Àwọn kan láàárín wa tilẹ̀ ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ kò kan ìṣẹ̀ṣe, pé ẹnu ni àṣẹ wà. A kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kí Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí wa. Ní Igbó Olókun, láti ọ̀rúndún kọkànlá títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ènìyàn wa ń yọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ náà wá kú. A kò dẹ́kun bíbọ Olókun, oríkì rẹ̀ kò sì parẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà ti sọnù. Nígbà tí Frobenius dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí iṣẹ́ ọnà wa, ó ní ará Atlantis ni ó ṣe é. Kí ni ẹnu lásán lè fi dá a lóhùn? Ìgbà tí Abídèmí Babatúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ Igbó Olókun ni wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, ó sì hàn pé níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe é.

Àwọn òyìnbó tí a ń gbé láàárín wọn mọ iyì ọwọ́. Ní Butser, ní Hampshire, láti ọdún 1972, Peter Reynolds kọ́ ilé, ó sì dáko gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìgbà láéláé ti ń ṣe. Ó da ọkà sínú kòtò, ó fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀. Ọkà etí kòtò hù díẹ̀, ó lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, ìyókù kò sì bàjẹ́ títí ìgbà òtútù fi kọjá. Ó tilẹ̀ ṣeé gbìn. Ọwọ́ ni ó fi mọ èyí.

Àwa náà dán an wò. Àwa obìnrin mẹ́fà gbé ìkòkò aró kalẹ̀. A mọ oríkì Ìyá Màpó dáadáa. A sẹ́ omi eérú, a rẹ èlú gbígbẹ sínú rẹ̀. Ọjọ́ méje pé, omi náà kò di aró. A pe ìyá aláró kan ní Òṣogbo. Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé inú òtútù ni ẹ gbé e sí? Báwo ni yóò ṣe kan?” A gbé ìkòkò síbi tí ó móoru, a fi aṣọ bò ó. Ní ọjọ́ kejìlá, aṣọ jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di aró lójú wa. Ọjọ́ náà ni a tó mọ ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń júbà kí wọ́n tó ṣí ìkòkò.

A kò sọ pé kí a máa ṣeré ìgbà àtijọ́ o. Ẹni tí ó sùn nínú ilé amọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, tí mọ́tò ń dúró dè é lẹ́yìn ọgbà, kò tíì gbé ayé àwọn baba ńlá wa. Kò mọ ìyàn wọn, kò sì sin ọmọ tí wọ́n sin. Ayé wọn kò ṣeé gbé mọ́. Iṣẹ́ wọn ni ó ṣì ṣeé ṣe.

Nítorí náà, kí gbogbo ilé òrìṣà fi ìyàwó kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kan: aró, ìkòkò, aṣọ híhun, ìlẹ̀kẹ̀ sísín. Kí a sanwó fún olùkọ́ náà bí a ti ń sanwó fún onílù. Ìyá wa ní Òṣogbo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tí ń pa aró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọwọ́ méjèèjì kò bá tètè pàdé, a óò tún dúró de ẹni tí yóò wa ilẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ìyá wa mọ̀.

Kí Ìyá Màpó má jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ.