Ta Ló Kà Wá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà wa ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà tó ń bí mi nínú. Ẹ dárúkọ sọ́fítíwia kékeré kan lórí Linux, wọ́n á ní, "Ta ló ń lò ó? Lọ wo iye rẹ̀ nínú popcon." Ó parí nìyẹn. Àfi bí ẹni pé Ifá ló fọhùn!

Kí ni popcon? Òun ni Debian fi ń ka iye kọ̀ǹpútà tí àpò sọ́fítíwia kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀. Debian kì í ṣe ilé-iṣẹ́ olówó o, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí o bá ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, yóò bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí wọ́n kà ọ́. "Rárá" ni ìdáhùn tí wọ́n ti fi síbẹ̀ dè ọ́. Bí o bá tẹ Enter tí o kọjá, o ò sí nínú ìwé. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa jíṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láì dárúkọ rẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ̀! Fláàṣì kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́wàá ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Kọ̀ǹpútà tó ń fi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣiṣẹ́, tí kì í fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù dé oṣù, ta ni yóò bá a jíṣẹ́? Owó dátà, owó oúnjẹ ni.

Èyí tó kan èmi akéwì gan-an nìyí. Ètò bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Linux. Inú àpò xkb-data ló wà, òun àti ti Haúsá, ti Ìgbò àti ti èdè rẹpẹtẹ. Àpò ni popcon ń kà, kì í tú u wò. Nítorí náà, bí gbogbo wa bá ń fi í tẹ ewì tọ̀sán-tòru, popcon kò lè sọ ọ́. Ibo wá ni "ta ló ń lò ó" ti fẹ́ rí ìdáhùn?

Mi ò ní kí wọ́n má kà. Kíkà náà wúlò: òun ni Debian ń wò láti mọ àpò tí yóò wọ CD àkọ́kọ́. Àmọ́ mo ti rí i tí wọ́n ń tọ́ka sí iye kékeré bí wọ́n bá fẹ́ yọ àpò kan dànù, àwọn tiwa sì ti sọ ọ́ di òṣùwọ̀n iyì. Arch ní tirẹ̀ ní kí èèyàn dìbò fún àpò tó wà ní AUR. Ẹni tó ní àkáǹtì nìkan ló ń dìbò náà!

Ará Igbó-Ọrà ló yẹ kó kọ́kọ́ já irú èyí. Lọ́dún 1969, Nylander tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìbejì ìlú yìí jáde: ó lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000. Ìbímọ ìlú ló kà. Kò ní kí ìyá ìbejì tó bá wù kó kọ lẹ́tà wá.

Ẹni tó bá ní dátà nínú yín, tí kò sì kọ̀ kí wọ́n ka òun, kó tẹ dpkg-reconfigure popularity-contest, kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì tún sọ fún mi pé iye kéré, kó kọ́kọ́ bá mi ka kọ̀ǹpútà inú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ná.