Olè Iná Lójú Kokoschka

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti sọ ìtàn àwọn ará Gíríìkì fún ọmọ ilé-ìwé mọ bí a ti í yin Prometheus: akọni tí ó jí iná lọ́dọ̀ Zeus fún ọmọ aráyé, tí a sì dè mọ́ àpáta kí idì máa jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Oskar Kokoschka, ayàwòrán ọmọ Austria, kò bá wa yìn ín.

Ní 1950 ni ó ya àwòrán mẹ́ta tí ó so pọ̀, tí ìbú wọn lé ní mítà mẹ́jọ, fún àjà ilé Count Antoine Seilern ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1978 ni wọ́n ti di ti Courtauld ní ìlú kan náà. Ní apá ọ̀tún, olè iná wà nínú ìdè. Ní àárín, ẹlẹ́ṣin mẹ́rin inú Ìwé Ìfihàn ń bọ̀ nínú ìjì. Ní apá òsì, Persephone ń sá kúrò lọ́wọ́ Hades, ọba òkú, lọ bá Demeter ìyá rẹ̀. Ojú ayàwòrán gan-an ni ó sì fi ṣe ojú Hades. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn fi ara rẹ̀ joyè bẹ́ẹ̀!

Ìgbéraga ọgbọ́n orí ni Kokoschka rí nínú olè yìí. A mọ ìdí rẹ̀. Ìjọba Hitler gba àwòrán rẹ̀, ó sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní gbangba ní 1937. Ní 1938 ó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1945 bọ́ǹbù átọ́míìkì jó Hiroshima àti Nagasaki.

Síbẹ̀ a ní iyàn láti bá a jà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti jóná lè bú iná; ẹni tí ó ń kàwé nínú òkùnkùn ńkọ́? Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, iná gan-an ni a ń wá: ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, ẹ̀rọ. A kò lè gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a nawọ́ sí i. Ẹni tí ó ju bọ́ǹbù ni kí a bi, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ mú iná wá.

Ṣùgbọ́n apá òsì náà ń dá wa dúró. Bí ẹ bá tún sọ ìtàn iná ní kíláàsì, ẹ sọ ti Persephone tẹ̀lé e, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ ìdí tí ayàwòrán fi gbé olè iná àti ìyá tí ó na apá sí ọmọ rẹ̀ sí àjà ilé kan ṣoṣo.