Ta Ni "Yín"?

Olóòtú ní kí n kọ nípa fóònù, ìṣèlú àti ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú ilé wa. Mo rò ó títí, mo ní ṣé tẹlòmíràn ni kí n máa wí nígbà tí tèmi wà nílẹ̀? Nítorí náà, ara mi ni mo fẹ́ fi sùn lónìí.

Ẹ ó rántí oṣù Keje 2023. Yèyé Àjẹ́ṣìkẹ́mi, olórìṣà Ọ̀ṣun tó ń gbé Ìlọrin, fẹ́ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe níbẹ̀. Àwọn kan lọ bá a nílé, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe é. Fídíò ìkìlọ̀ yẹn kò pẹ́ tó fi dé gbogbo ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà Ìlọrin lórí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mùsùlùmí náà sì dá a lóhùn. Ìròyìn yìí ni rédíò ń sọ, òun ni tẹlifíṣọ̀n ń sọ, òun náà la bá lórí Facebook. Ìlọrin kì í ṣe ọ̀nà jíjìn fún àwa ará Ìlémọnà. Ibẹ̀ nìjọba wa wà, ibẹ̀ lọmọ wa ń kàwé. Inú bí mi. Mi ò ní purọ́, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Inú tó bí mi, ó tọ́ kó bí mi. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 38, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sin ohun tó bá wù ú, ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Kò yọ onísẹ̀ṣe sílẹ̀. Ohun tí mo wá fi inú bíbí yẹn ṣe ni ẹjọ́ tí mo wá rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Bàbá kan ló bí wa. Ó bí mùsùlùmí, ó bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bí èmi tí mo dúró ti Ifá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ti lọ Mẹ́kà, Ọ̀fà ló ń gbé. Kò sí ọdún Ifá tí a ṣe nílé tí kì í wá. Kì í wọ ojúbọ o, a ò sì ní kó wọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé, òun ni yóò tọ́ ọbẹ̀ wò, òun ni yóò máa pariwo pé iyán ti ń tutù. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò tèmi máa ń ya ọ̀tọ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje yẹn, ẹnì kan fi fídíò mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ń dáná sun ojúbọ. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé Ìlọrin ni, pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni. Àmì ọfà méjì wà lórí rẹ̀, èyí tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ kọjá kó tó kàn ọ́. Láti oṣù Kẹrin 2020 ni WhatsApp ti ṣe é pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ibì kan ṣoṣo lèèyàn lè fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fẹ́ kéèyàn dúró díẹ̀ kó ronú ni. Èmi ò ronú. Ibì kan ṣoṣo yẹn náà ni mo fi í ránṣẹ́ sí: gúrúùpù ẹbí wa. Mo tún wá kọ tèmi mọ́ ọn: "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sìn yín."

Ọmọ àbúrò mi tó wà n'Ìlọrin ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀?" Mi ò gbọ́ nǹkan kan, torí mo ti pa ohùn fóònù mi. Ìgbà tí mo ṣí i, kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Kì í tún ṣe èdè kankan tí mo tíì gbọ́ rí ní Kwárà. Mo yára pa á rẹ́ kúrò nínú gúrúùpù. Àmọ́ ohun téèyàn bá pa rẹ́ níbi tó fi í sí, kò pa rẹ́ níbi táwọn ẹlòmíràn ti gbé e lọ. Ó ti dé gúrúùpù ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin àdúgbò, ẹnì kan níbẹ̀ ti ń bèèrè ta ni yóò bá àwọn lọ gbẹ̀san. Ara mi tutù wàì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i lójú fóònù pé Àlhájà ti kúrò nínú gúrúùpù. Kò bú mi, kò pè mí. A ṣe ọdún Ifá, kò wá. Iyán tutù lóòótọ́.

Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni wọ́n mú Adégbọ́lá Abdulazeez, tí a mọ̀ sí Tani Ọlọ́hun, n'Ìbàdàn, tí wọ́n gbé e lọ jẹ́jọ́ n'Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ayélujára. Ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fún àwọn èèyàn wọn ní ọlidé ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 21 oṣù Kẹjọ, àwa ti Kwárà kò rí i gbà. Ó ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ wò ó: bí òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ṣe wá rí lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 2024, ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti da ìlú rú lòfin ń wá. Èmi ò mọ̀ pé irọ́ ni o. Mi ò kàn fẹ́ mọ̀ ni, torí ó bá ohun tó wà nínú mi mu. Bí wọ́n bá ba ẹnì kan jẹ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, ṣé "mi ò mọ̀" ni yóò wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn?

Ohun tó tún dùn mí ni pé àwa gan-an mọ bó ṣe ń rí. Ẹ wo fíìmù. Bí babaláwo bá ti jáde nínú rẹ̀, aṣọ pupa, agbárí, ariwo, ẹ̀rín burúkú. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wò mí lójú níbi tí mo ti ń tẹ ọpọ́n, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà lè ṣe oògùn owó?" Inú ilé mi ló ti bi mí. UNESCO kéde Ifá lọ́dún 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, àmọ́ fóònù ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n ń kó ẹ̀sùn ẹlòmíràn lé lórí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò tún gbé àwòrán àjèjì kó o lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí.

Ó gbà mí ju oṣù mẹ́wàá lọ kí n tó lè lọ. Iléyá 2024 ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́ ni fídíò yẹn."

Ó ní, "Àjàní, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣé fídíò ló lé mi lọ? 'Àwọn ẹlẹ́sìn yín' tí o kọ síbẹ̀ yẹn ni. Ta ni 'yín'? Èmi tí mo pọ̀n ọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Bá a bá jókòó síwájú ara wa, mi ò lè pe ẹ̀gbọ́n mi ní "yín" irú èyí láéláé, ẹnu mi ò ní gbà á. Ìka ló tẹ̀ ẹ́.

Ó ní kí n dìde. Ó fún mi lómi, ó fún mi lóúnjẹ. Itan àgbò dé nígbà Iléyá. Ó wá síbi ọdún Ifá wa, ó pariwo lórí iyán bó ti máa ń ṣe. Àmọ́ nígbà tí mo ní káwọn ọmọ dá a padà sínú gúrúùpù, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí mo bá ní ọ̀rọ̀ bá òun sọ, mo mọ ilé òun.

Owó ọkọ̀ ti wọ́n sí i báyìí, eékún mi náà sì ń dùn mí. Ọjọ́bọ̀ ni mo ti wá fi ṣe ọjọ́ tí mo ń lọ kí i, torí ọjọ́ Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí ni yóò wà. Ó ní kí n bá òun mú ẹ̀lúbọ́ dání tí mo bá ń bọ̀.