Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Ẹ̀rọ Alágbèéká: Ta Ni Yóò Gbè?

Ní ọdún 1939 ni ìjọba amúnisìn fa wáyà rédífúṣọ̀n wọ ilé àwọn ará Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Àpótí kékeré kan báyìí ni. Ẹni tí ó ni ín kò lè yan ohun tí yóò gbọ́; ó lè ṣí i, ó sì lè pa á, ó tán. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni orúkọ tí àwọn Yorùbá fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi etí inú gbọ́ orúkọ náà yóò mọ̀ pé ìyìn nìkan kọ́ ni. Ta ni í máa sọ̀rọ̀ láìgba èsì, bí kò ṣe wèrè?

Apààlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ àfi bí ó bá ké "Ààlọ́ o!" tí àwọn ọmọdé sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Bí orin bá wọ inú ìtàn, àwọn ọmọ náà ní í gbè é. Ìkíni kọ̀ọ̀kan ló ní ìdáhùn tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n dáhùn ni à ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, ó jọ pé ẹ̀rọ ti fẹ́ gba iṣẹ́ apààlọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ní ẹ̀rọ náà kò pọ̀. Ará àdúgbò a rọ́ wá sí pálọ̀ ẹni tí ó ní in. Àgbà kan a máa túmọ̀, ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín, ìyá ilé a máa bú ọ̀dàlẹ̀ inú eré bí ẹni pé ó lè gbọ́. Bí alẹ́ bá sì jìn, iléeṣẹ́ náà a kógbá sílé, àwọn òǹwòran a wá jókòó ti ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀rọ gba ẹnu apààlọ́, kò gba ẹnu elégbè.

Láti 2001 tí ẹ̀rọ alágbèéká GSM ti wọ Nàìjíríà, àpótí pálọ̀ ti ń di ti ọwọ́ olúkúlùkù díẹ̀díẹ̀, kò sì sí àsìkò tí ó ń kógbá sílé mọ́. Àwọn tí ó ni ìkànnì fídíò ń ta ojú òǹwòran fún olùpolówó ọjà. Ìdí nìyẹn tí fídíò kan kì í fi í tán kí òmíràn má tẹ̀lé e, kí ọwọ́ tó kan án rárá.

Ní Àgbowó, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta a wà nínú yàrá kan, ìyápíìsì a wà létí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọkọ̀ Máíkírà láti Dùgbẹ̀ sí Challenge, ẹni tí ó wọlé a kí gbogbo èrò, awakọ̀ nìkan ni yóò dáhùn. Kí àwọn àgbà má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àwọn wo ló ń fi àdúrà àti àgbo tí ẹnikẹ́ni kò dán wò ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ lè jiyàn pé èsì ni àwọn ń fọ̀ látàárọ̀. Òótọ́ ni: ọmọ Bódìjà ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní London bí ẹni pé wọ́n jọ wà ní ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ó ti ń dunni ni ti ọmọ kékeré. Fíìmù Yorùbá ni ó ń wò láti òwúrọ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn. Fíìmù kò bi í léèrè ohunkóhun rí.

Bí iná mànàmáná bá lọ ní alẹ́, tí bátìrì ẹ̀rọ sì kú, ohùn ènìyàn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà a rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó lè rántí ti Ìjàpá. Nígbà tí yóò bá fi dé ibi orin, wọ́n a ti mú iná dé, àwọn ọmọ a hó "Up NEPA!", oníkálukú a sì máa wá ibi tí yóò ki wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀.