“Fọ́tò Yìí Mà Dára O!” Ìyìn Tó Ń Ba Iṣẹ́ Onífọ́tò Jẹ́ Ní Òkè-Ògùn

Ẹni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè rí, nítòsí Ìsẹ́yìn, á mọ̀ pé kì í ṣe eré ọmọdé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 300. Kí èèyàn tó dé ìdí Ìyàkẹ́, adágún tó jókòó sórí àpáta, orúnkún á ti máa gbọ̀n, omi inú ike á sì ti tán. Ìdí nìyẹn tí inú onífọ́tò fi máa ń dùn tó bá débẹ̀. Á yọ kámẹ́rà tàbí fóònù, á yà á ní ogún, á yà á ní ọgbọ̀n, á sọ̀ kalẹ̀. Tó bá wá fi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nísàlẹ̀, kí ni wọ́n máa ń wí? “Háà! Fọ́tò yìí mà dára o! Ọwọ́ ẹ mọ́ iṣẹ́ o!” Ọ̀rọ̀ parí.

Àbí ó parí? Fọ́tò ọ̀hún ṣáà wà níbẹ̀. Ojú ọ̀run funfun gbòò bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Omi adágún dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n dà nù ní ilé mẹkáníìkì. Ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé gba àárín gbùngbùn fọ́tò kọjá, ó tún wá fì sápá ọ̀tún. Adágún tó fì báyẹn, ṣé omi ẹ̀ ò ní dà ni? Ẹni tí kò débẹ̀ rí ò lè mọ̀ bóyá adágún ńlá ni tàbí ọ̀gbàrá òjò ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wàhálà orúnkún yẹn, fọ́tò ò sọ ọ́.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀rẹ́ ń purọ́ o. Ẹni tó ya fọ́tò ni wọ́n fẹ́ràn, kì í ṣe fọ́tò. “Ẹ kú iṣẹ́” ló sì yá lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tó bá ń tọ́ka àléébù, kíá ni wọ́n á ti ní ìlara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní Ìsẹ́yìn yìí kan náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Ọmọṣẹ́ tó bá hun aṣọ tí etí ẹ̀ wọ́, ọ̀gá tó mọṣẹ́ ò ní sọ fún un pé ó dára. Á fi ìka tọ́ ibi tó wọ́, á ní kó tú u. Kò bú u, kò bú ìyá ẹ̀. Ibi tó wọ́ ló tọ́ka sí.

Àwọn onífọ́tò kan ti ṣe irú ẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Lọ́dún 2001, níbi àpéjọ fọ́tò gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Bamako, olú-ìlú Màlì, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin fi ọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀. Àwọn náà ni Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, Amaize Ojeikere àti Toyin Sokefun, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní TY Bello lónìí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Depth of Field. Emeka Okereke àti Zaynab Odunsi sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Iṣẹ́ lọ́yà ni Amadi-Obi kọ́, iṣẹ́ ère ni James-Iroha kọ́. Wọ́n á gbé fọ́tò ara wọn sílẹ̀, oníkálùkù á sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé ìlú ńlá bí Èkó ni wọ́n ń yà jù, kì í ṣe ọ̀dàn àti àpáta, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Àgbà onífọ́tò òkè àti igbó ní Amẹ́ríkà, Ansel Adams, ò dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1927 ó gun òkè lọ ya àpáta Half Dome ní Yosemite. Awo gíláàsì méjì péré ló kù fún un, torí awo gíláàsì ló fi ń ya fọ́tò lọ́jọ́ náà. Ó fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà, ó ya àkọ́kọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló rí i pé ojú ọ̀run ò ní dúdú tó bó ṣe rí lára òun. Ó pààrọ̀ gíláàsì ìyeyè sí pupa, ó fi awo tó ṣẹ́kù ya á. Èkejì yẹn ló di olókìkí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Ìyàkẹ́. Ẹni tó fẹ́ ran onífọ́tò wa lọ́wọ́, ìbéèrè ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀: aago mélòó lo yà á? Ọ̀sán gangan! Oòrùn wà lórí, kò sí òjìji, àpáta wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan bí aago 6:30 sí 7 ni oòrùn ń yọ lápá ibí, kíá ló sì ń gòkè. Kò tó wákàtí kan tí ìmọ́lẹ̀ tútù yẹn fi ń lọ. Nítorí náà, ẹ sun Adó-Àwáyè mọ́jú, kí ẹ mú ọmọ ìlú dání gòkè. Ẹ ní kó dúró sétí omi, pẹ̀lú aṣọ tó ní àwọ̀, ojú á fi ara ẹ̀ wọn àpáta. Ní ti ojú ọ̀run, ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé gbé dìde tó bá yá. Ibi tó ti jóná funfun, ó ti lọ nìyẹn.

Gbogbo ẹni tó bá ń tọ́ka àléébù kọ́ ló tọ̀nà, ó yẹ kí ẹ mọ ìyẹn náà. Bàbá onísítúdíò tó ti fi ogójì ọdún ya ìyàwó àti ọkọ ìyàwó lè wo fọ́tò Òkè Àsabàrí ní Ṣakí, èyí tí wọ́n yà nínú ọyẹ́, kó ní, “Kò mọ́, tún un yà.” Ó ṣìnà. Eruku aṣálẹ̀ tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ ló jẹ́ kí òkè ẹ̀yìn máa ṣe bàìbàì ju òkè iwájú lọ, ìyẹn gan-an ló ń fi jíjìn ilẹ̀ han ojú. Ṣùgbọ́n tí bàbá kan náà bá ní, “Kí ni ike omi ń wá nísàlẹ̀ fọ́tò?”, ẹ yára gbọ́ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kúrò ní ti àṣehàn. Ní gbogbo Òkè-Ògùn, wọ́n ń gé igi fi sun èédú, àpò ẹ̀ ló ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn. Igi ẹ̀mí tí wọ́n ń rí òrí lára ẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ń gé. Fọ́tò tí ojú ọ̀run ti gbé gbogbo ẹ̀ mì ò ní lè jẹ́rìí fún ọmọ ẹnikẹ́ni pé igi wà níbẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ gbé fọ́tò yín fún ẹni méjì tí kò jẹ yín ní gbèsè. Ẹ má sọ iye àtẹ̀gùn tí ẹ gùn. Ẹ panu mọ́, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Tí wọ́n bá ní ojú ọ̀run ni, tó sì jẹ́ pé igi ẹ̀mí lẹ tìtorí ẹ̀ lọ, ẹ tún múra ìdájí ọ̀la, kí eléèédú tó ṣáájú yín débẹ̀.